Orí Kẹfà: Ẹni Tó Bá Ìtàn Láàárín

Àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Agbowó, lódìkejì ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn, kì í to ìwé bí wọ́n ṣe ń tò ó ní ilé ìkàwé. Ibi tí àyè bá ti yọ ni wọ́n ń fi í sí. James Hadley Chase á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìbéèrè JAMB àtijọ́, ìwé ìṣirò owó á gun orí Bíbélì. Ẹ̀yìn àwọn ìwé kan ti ya, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ ó bá orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ti ni ìwé náà rí, tí ẹni ìkejì ti fi bírò fa ti ẹni àkọ́kọ́ rẹ́. Tí ẹ bá bi oníwé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní èyí tó ṣáájú eléyìí?" èsì rẹ̀ kì í gùn: "Èyí tó wà nìyẹn." Ẹ ó sì sanwó.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé Ìbàdàn gbà wọ inú ìtàn ọlọ́pàá àti ọ̀daràn nìyẹn. Ìwé kẹrin nínú ọ̀wọ́ kan ni ọwọ́ wọn kọ́kọ́ tẹ̀, tàbí ìkeje, tàbí èyí tí kò sí ẹni tó mọ ipò rẹ̀ nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti já lọ. Àwọn tó lówó láti ra gbogbo ọ̀wọ́ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan láti òkè òkun máa ń sọ pé ìkàkúkà ni, pé adùn rẹ̀ ti bàjẹ́ kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìwádìí àwọn onímọ̀ ọpọlọ kò sì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Ẹjọ́ tó wà nínú ìwé náà yóò yé ẹni tó bá a láàárín. Ohun tó máa ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́ ni ohun tó wà láàárín àwọn tó ń wádìí ẹjọ́ náà. Ewu kan sì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa: ọpọlọ kì í fi àyè sílẹ̀ lófìfo. Ohun tí kò bá mọ̀, á fi èrò tirẹ̀ dí i, tó bá sì ti dí i tán, á gbàgbé pé èrò lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Èmi ni mo hun ún fún orí yìí. Ká ní ẹ ṣí ìwé kan, tí ẹ bá èyí ní ojú ewé kìíní:

"Sájẹ́ǹtì gbé fáìlì náà kalẹ̀ lórí tábìlì. Kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà kò sì bi í ní ohunkóhun. Láti òru ọjọ́ tí wọ́n ti Challenge dé, ọ̀rọ̀ wọn kì í ju gbólóhùn kan lọ mọ́. 'Òkú ọkùnrin ni, sà. Ẹ̀yìn ilé epo kan ní Ring Road ni wọ́n ti rí i.' Ọ̀gá mú fìlà rẹ̀. 'Pe dírẹ́bà.'"

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàdé àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí àti ẹni tó ti ka ìwé mẹ́ta nípa wọn rí, ìmọ̀ wọn dọ́gba lórí òkú ẹ̀yìn ilé epo: kò sí èyí tó mọ ẹni tó jẹ́, kò sí èyí tó mọ ẹni tó pa á. Níbẹ̀, àǹfààní kankan kò sí fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà tó dá lórí Challenge, àdúgbò kan ní Ìbàdàn. Ẹni tó ti ka àwọn ìwé ìṣáájú lè ti mọ̀ pé, lóru ọjọ́ náà, ọ̀gá ló sá nígbà tí ìbọn dún, pé sájẹ́ǹtì nìkan ló rí i, tó sì ti pa á mọ́ sínú láti ìgbà náà. Ìtìjú ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Àjèjì kò lè mọ èyí. Bóyá lójú tirẹ̀ sájẹ́ǹtì ló ṣẹ̀, bóyá ó gba owó ẹ̀yìn. Kí ó tó ka dé orí òkú, ó ti dá ẹjọ́ tí kò sí ẹni tó gbé e wá bá a.

Tzvetan Todorov, ọmọ Bulgaria tó fi Faransé ṣe ibùgbé, kọ ọ́ ní 1966 pé ìtàn méjì ló wà nínú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni ìtàn ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀, èkejì ni ìtàn bí wọ́n ṣe tú u wò. Èkíní ti parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kú ti kú, olè ti kó ẹrù lọ, kí òǹkàwé tó dé. Nítorí náà gbogbo òǹkàwé ìtàn ọ̀daràn ló ń bá a láàárín, ìbáà jẹ́ ìwé àkọ́kọ́ ló dì mú. Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ra ìwé náà gan-an ni pé ká máa ti ẹ̀yìn wá iwájú, ká máa fi ohun tó kù nílẹ̀ mọ ohun tó ti lọ.

Ẹ wo Lápàdé, ọkùnrin tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí dá sílẹ̀, tí mo kà sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbayì jù lọ nínú ìwé Yorùbá. Òkédìjí, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí ní 1929, gbé e jáde nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó sì tún fi í ṣe akọni nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni Lápàdé ti ń lé àwọn ọ̀daràn. Tí ìwé kejì bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ kí ẹ tó rí ìwé àkọ́kọ́, ó lè máa ṣe yín bíi pé ẹ pẹ́ dé ibi ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá, ó sì ti fi í sílẹ̀, kí ojú ewé kìíní Àjà Ló Lẹrù tó ṣí. Ohun tí ọkùnrin náà fojú rí nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe kọ́ ọgbọ́n tó ń lò, bí ọ̀rọ̀ òun àti àwọn ọlọ́pàá ṣe dà bó ṣe dà, gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wa. Òkédìjí kò jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa láti A dé Y. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu Lápàdé àti ìṣe rẹ̀ máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ìwé àkọ́kọ́ ni ó ti ń kọ́ òǹkàwé rẹ̀ bí a ṣe ń bá èèyàn láàárín ayé rẹ̀.

Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí a ṣe ń ka ìtàn nílẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ti Isaac Babalọlá Thomas, ń gbé àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, obìnrin inú ìtàn àròsọ, jáde láti 1929 dé 1930, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ra ìwé ìròyìn ló bá lẹ́tà àkọ́kọ́. Fágúnwà pàápàá gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ó fi Àkàrà-ògùn ṣe akọni, kó tó wá padà nínú Igbó Olódùmarè ní 1949 láti sọ ìtàn Olówó-ayé tó bí Àkàrà-ògùn. Ọmọ ni òǹkàwé kọ́kọ́ mọ̀, kó tó mọ bàbá. Lókè òkun náà, ìwé méjì nípa Sherlock Holmes ti jáde, ní 1887 àti ní 1890, kó tó wọ inú ìwé ìròyìn Strand ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1891. Láti inú Strand ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Conan Doyle, ẹni tó kọ ọ́, ló wòye pé ìtàn aláìlópin tó ń tẹ̀lé ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù kò ran ẹni tó bá pàdánù ẹyọ kan lọ́wọ́, ló bá fi ẹni kan náà sínú ẹjọ́ tó yàtọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan parí fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ ọ̀wọ́ ìwé ọ̀daràn fún àwọn tí kò ní bá ìbẹ̀rẹ̀.

Chase tí àwọn ará Agbowó kò kà tán ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Láti 1939 tó ti bẹ̀rẹ̀ títí ó fi kú ní 1985, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwé rẹ̀ dá dúró. Àwọn ọlọ́pàá Paradise City wà lára àwọn tó máa ń padà wá, Tom Lepski láàárín wọn, tó ń fi gbogbo ara wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, tí Carroll ìyàwó rẹ̀ kò sì jẹ́ kó sinmi. Ẹni tó bá ka ẹyọ kan á rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni tọkọtaya náà. Ẹni tó bá ka márùn-ún á bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe ojúlùmọ̀.

Ohun tí ọpọlọ ń kọ́ nígbà tí a bá ń kàwé

Ní 1983, Teun van Dijk àti Walter Kintsch ṣàlàyé pé òǹkàwé kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ tó kà bó ṣe kà á. Ọ̀rọ̀ náà máa ń ṣí kúrò lórí rẹ̀ kíákíá. Ohun tó ń kù ni àwòrán ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó ti kọ́ sínú ara rẹ̀, ó sì ń tún un kọ́ bí ó ṣe ń kà á lọ. Rolf Zwaan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ síwájú ní 1995, wọ́n ní nǹkan márùn-ún ni òǹkàwé ń ṣọ́ nínú àwòrán náà: ta ni, níbo, nígbà wo, kí ló fa kí ni, àti kí ni ẹni yìí ń wá.

Ẹ fi márààrún wo àpẹẹrẹ tí mo kọ sókè. Ta ni: sájẹ́ǹtì àti ọ̀gá rẹ̀. Níbo: àgọ́ ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà Ring Road. Nígbà wo: lẹ́yìn Challenge. Ìdí tí ọkùnrin náà fi kú, ìwé náà yóò sọ ọ́ kó tó parí, torí ohun tí a kọ ọ́ fún nìyẹn. Ìkarùn-ún ló ṣòro. Kí ni sájẹ́ǹtì ń wá? Kí ló dé tí kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀? Èyí kò sí nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, ìwé mìíràn ló wà. Tí wọ́n bá ní ẹni tó bá ìtàn láàárín pàdánù nǹkan, ibi tó ti pàdánù rẹ̀ gan-an nìyí: èrò ọkàn àwọn tó ń padà wá.

Bí ìpàdánù náà ṣe tó, ẹ wo ìwé kan láti Sweden. Maj Sjöwall àti Per Wahlöö, obìnrin àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé, jọ kọ ìwé mẹ́wàá nípa ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Martin Beck, láti 1965 dé 1975. Wọ́n ti pète rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mẹ́wàá ni yóò jẹ́. Ìkẹrin, tí àwọn tó ka Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí The Laughing Policeman, ló gba ẹ̀bùn Edgar ní Amẹ́ríkà ní 1971 gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn tó dára jù lọ nínú ẹ̀ka rẹ̀. Tí ẹ̀bùn bá sọ ìwé kan di olókìkí, òun ni èèyàn á kọ́kọ́ wá lọ́jà.

Nínú ìwé náà, wọ́n yìnbọn pa àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì kan ní Stockholm lóru. Ọ̀dọ́ ọlọ́pàá kan, Åke Stenström, wà lára àwọn tó kú. Òǹkàwé tó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ bá Stenström ní òkú. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó yanjú ni ó jẹ́ fún un: kí ni ọlọ́pàá yìí ń wá nínú bọ́ọ̀sì náà? Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ láti Roseanna, ìwé àkọ́kọ́, ti bá Stenström rìn nínú iṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àbúrò láàárín àwọn àgbà. Tí òkú rẹ̀ bá yọ nínú bọ́ọ̀sì náà, àánú á ṣe é kó tó ronú nípa ẹ̀rí kankan. Ojútùú ẹjọ́ náà kò yàtọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ọ̀fọ̀ ló yàtọ̀. Nínú àwọn ìwé tó tẹ̀lé e, Åsa Torell, obìnrin tí òun àti Stenström jọ wà, di ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá Åsa pàdé nínú aṣọ iṣẹ́ láìmọ bó ṣe débẹ̀, ọlọ́pàá lásán ló rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó má ṣe dá ara rẹ̀ lágara lórí ẹjọ́. Kó wo ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn.

Àkọlé tó pẹ́ dé

Ìwádìí kan wà tí gbogbo olùkọ́ yẹ kó mọ̀. Ní 1972, John Bransford àti Marcia Johnson ka ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sétígbọ̀ọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí èèyàn ṣe ń fọ aṣọ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, ṣùgbọ́n kò dárúkọ aṣọ níbì kankan. Ó kàn ń sọ nípa pípín nǹkan sí ọ̀wọ́, nípa pé kí èèyàn má kó púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn kan ṣáájú pé ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀ ni. Wọn kò sọ nǹkan kan fún àwọn mìíràn. Ọ̀wọ́ kẹta gbọ́ àkọlé náà lẹ́yìn tí kíkà ti parí.

Èrò 18 ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó mọ àkọlé ṣáájú rántí bíi 6 nínú rẹ̀ ní ìpíndọ́gba. Àwọn tí wọn kò sọ fún rárá rántí nǹkan tí kò tó 3. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́yìn kò sàn ju àwọn tí kò gbọ́ rárá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà yẹn kà. Àlàyé tó pẹ́ dé kò wúlò, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá, ọpọlọ kò sì rí ibi tí yóò so ó mọ́ nígbà tó ń wọlé.

Àwọn tó ń ka ọ̀wọ́ ìwé láti àárín máa ń sọ pé, "Kò burú, tí mo bá rí ìwé àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ á yé mi." Ìwádìí yìí kò tì wọ́n lẹ́yìn. Tí ẹ bá ka ìkẹrin kí ẹ tó ka ìkíní, ìkíní kò ní padà sẹ́yìn lọ tún ìkẹrin ṣe nínú orí yín. Ẹ ní láti tún ìkẹrin kà. Mo mọ̀ pé ìwé púpọ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì kà, ó sì lè dà bíi fífi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n kíkà ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mo kà sí èrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, èrè tí ẹni tó tò ó tẹ̀léra kò ní. Ìlà Challenge tí ẹ kà kọjá nígbà àkọ́kọ́ yóò wá wúwo. Ẹ ó rí i pé òǹkọ̀wé ti fi ohun gbogbo sójútáyé, pé ẹ̀yin ni kò tíì lójú tí ẹ ó fi rí i.

Orúkọ àwọn èèyàn inú ìwé pẹ̀lú jẹ́ ìṣòro, ṣùgbọ́n kékeré ni. Nelson Cowan ṣàkójọ ìwádìí ní 2001 tó fi hàn pé nǹkan bíi 4 ni ọpọlọ lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ọlọ́pàá tó ti dé àárín ọ̀wọ́ lè kó orúkọ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá jọ sínú orí kìíní: ọ̀gá, igbákejì ọ̀gá, dókítà tó ń yẹ òkú wò, akọ̀ròyìn, ìyàwó tó ti kọ ọ̀gá sílẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé, ẹ kọ iṣẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Tiyín ni ìwé náà.

Èrò tí kì í fẹ́ kúrò

Mo dé ibi tó ká mi lára jù. Mo ti sọ pé ọpọlọ máa ń fi èrò tirẹ̀ dí àyè tó ṣófo. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òtítọ́ bá wá dé?

Ní 1994, Hollyn Johnson àti Colleen Seifert fún àwọn èèyàn ní ọ̀wọ́ ìròyìn nípa iná tó sun ilé ìkẹ́rùsí kan. Àwọn ìròyìn náà ń tẹ̀lé ara wọn bí ẹni pé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé àgólò ọ̀dà àti sílíńdà gáàsì wà nínú yàrá kékeré kan tí iná ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìròyìn mìíràn tún un ṣe: kò sí ọ̀dà, kò sí gáàsì, òfìfo ni yàrá náà. Àwọn òǹkàwé gbọ́ àtúnṣe náà. Wọ́n rántí rẹ̀ tí wọ́n bá bi wọ́n léèrè. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé kí ló fa èéfín dúdú tó bo ibẹ̀, kí ló dé tí iná náà le tó bẹ́ẹ̀, ọ̀dà àti gáàsì ni ọ̀pọ̀ wọn tún fà yọ. Wọ́n mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe àlàyé.

Ohun kan ló dín in kù. Nígbà tí àtúnṣe náà bá mú ìdí mìíràn wá, bíi kó sọ pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun ilé náà, pé wọ́n bá ẹ̀rí rẹ̀, èrò àtijọ́ máa ń gba ọ̀nà lọ. "Kì í ṣe báyẹn" kò tó. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ pé "bó ṣe jẹ́ gan-an nìyí."

Nínú ìwé kíkà, èyí túmọ̀ sí pé sájẹ́ǹtì tí ẹ ti kà sí agba-owó-ẹ̀yìn nínú ìwé kẹrin lè wà bẹ́ẹ̀ lójú yín títí, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ka ìkẹta tí ẹ sì rí i pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ó máa fojú burúkú wo gbogbo ohun tó bá ṣe. Tó bá dákẹ́, ẹ ó ní ó ń pa nǹkan mọ́. Tó bá sọ̀rọ̀, ẹ ó ní ó ń purọ́.

Nínú ayé gidi, ó túmọ̀ sí ohun tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá gidi náà máa ń bá ẹjọ́ láàárín. Fáìlì á kúrò ní àgọ́ àdúgbò, á lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka ìwádìí ọ̀ràn ti ìpínlẹ̀ ní Ìyágankú. Wọ́n á gbé ọlọ́pàá tó ń wádìí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní IPO, lọ sí ìlú mìíràn, ẹlòmíràn á sì gba iṣẹ́ náà. Ohun tí ẹni tuntun yìí kọ́kọ́ kà ni ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti kọ ọ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni a fura sí, ọmọ ọ̀dọ̀ náà ti wọ inú àwòrán kí ẹni tuntun tó fojú kàn án. Tí ẹ̀rí bá wá fi hàn lẹ́yìn pé kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ẹ rántí ọ̀dà àti gáàsì. Ẹ̀rí pé kò sí nílé kò ní tó láti yọ ọ́ kúrò lọ́kàn IPO tuntun, àfi tí ẹlòmíràn bá wà tí ẹ̀rí ń tọ́ka sí. Òmìnira ọmọ èèyàn ló wà lọ́wọ́ ìwà ọpọlọ yìí. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ẹni tó bá ti fi ìwé ìtàn kọ́ ara rẹ̀ láti má ṣe yára dí àyè tó ṣófo ti kọ́ ohun tó lè gba ẹlòmíràn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ kò le. Nígbà tí ẹ bá kan ìlà bíi ti Challenge, ẹ fi pẹ́ńsù fa àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ronú ìdí méjì tó lè fà á, kó má jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀kan kí ó dá sájẹ́ǹtì lẹ́bi, èkejì kí ó dá a láre. Àyè tí ìdí méjì bá wà kò ní dí pa. Nígbà tí ìwé ìṣáájú bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ó ti ní ibi tí ẹ ó so òtítọ́ mọ́.

Ṣé mímọ̀ tẹ́lẹ̀ ń ba ìtàn jẹ́?

Àròyé kan kù tí mo gbọ́dọ̀ fèsì sí. Wọ́n ní tí ẹ bá rí Lápàdé láàyè nínú Àgbàlagbà Akàn, ẹ ti mọ̀ pé kò kú nínú Àjà Ló Lẹrù, nítorí náà àyà yín kò ní já mọ́ nígbà tí ẹ bá padà lọ kà á.

Richard Gerrig dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò ní 1989. Ó kọ ìtàn kúkúrú nípa ohun tí gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà mọ̀, irú bíi pé George Washington ni ààrẹ àkọ́kọ́ wọn, ó sì jẹ́ kí ìtàn náà dà bíi pé Washington kò ní gbà láti ṣe é. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn kà á, wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó lè sọ pé òótọ́ ni pé ó di ààrẹ. Ohun tí wọ́n mọ̀ láti kékeré mì fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ìtàn gbá wọn mú. Ẹni tó mọ̀ pé Lápàdé yóò yè é ṣì lè bẹ̀rù fún un ní ojú ewé tí ìbọn ti ń dún.

Ní 2011, Jonathan Leavitt àti Nicholas Christenfeld, ní Yunifásítì California ní San Diego, fún àwọn èèyàn ní ìtàn kúkúrú 12, wọ́n sì tú àṣírí ìparí rẹ̀ fún àwọn kan. Àwọn tí wọ́n tú àṣírí fún gbádùn rẹ̀ jù, títí kan ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ìwádìí mìíràn tó tẹ̀lé e, ti Benjamin Johnson àti Judith Rosenbaum, rí òdìkejì rẹ̀. Ìdájọ́ tèmi ni pé ìyàtọ̀ náà kò tóbi tó ohun tí èèyàn yẹ kó tìtorí rẹ̀ fi ìwé sílẹ̀ sórí tábìlì ní Agbowó.

Ohun tó ń dùn mí ni ti àwọn tó ń tẹ ìwé wa. Ìlú yìí ni ìlú ìtẹ̀wé. Owó Ẹ̀jẹ̀ tí Kọ́lá Akínlàdé kọ, Onibonoje Press níbí ní Ìbàdàn ló tẹ̀ ẹ́ ní 1976, Akínlàdé sì ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, Akin Olúṣínà, tó máa ń padà wá láti ìwé kan sí òmíràn bíi ti Lápàdé. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ọjà ìwé àlòkù lónìí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìkejì ni tàbí ìkẹta, tàbí orúkọ èyí tó ṣáájú. Bransford àti Johnson ti fi hàn láti 1972 pé gbólóhùn kan ṣoṣo tó bá ṣáájú kíkà lè sọ ohun tí èèyàn ń rántí di ìlọ́po méjì. Gbólóhùn kan péré!

Mo bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá ní ẹ̀tọ́ láti tún ìwé Òkédìjí, ti Akínlàdé, àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀: ẹ tún wọn tẹ̀, ẹ kọ ipò ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ sí èèpo ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ojú ewé kan ṣoṣo síwájú orí kìíní tí yóò sọ ẹni tí àwọn tó ń padà wá jẹ́, láìtú àṣírí ẹjọ́ kankan. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó bá ra ìkejì ní Agbowó, nítorí pé òun ló rí, ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí Lápàdé jẹ́.